Holland ti Michigan: Ìlú tí ó ń yọ́ Òjò Dídì lábẹ́ Ẹsẹ̀ àwọn Ènìyàn Rẹ̀

Ní etí adágún ńlá tí a ń pè ní Michigan, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Holland. Kì í ṣe ìlú ńlá. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn, yóò dàbí àdúgbò kan lásán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ láyé, ohun náà ni a sì fẹ́ fi han ẹ̀yin òǹkàwé wa ní ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn bá dé, tí òjò dídì bo òrùlé àti igi àti pápá, tí ohun gbogbo sì funfun bí òwú tí ó là, ojú ọ̀nà àárín ìlú náà kì í funfun. Yóò rin díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí òjò ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò sì gbẹ. Kò sí ẹni tí ó fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó da iyọ̀ sí i. Ooru ni ó ti abẹ́ ilẹ̀ wá, tí ó sì yọ́ ọ di omi.

BÍ A TI Ń DÉ IBẸ̀

Láti Chicago ni ọ̀nà rẹ̀ rọrùn jù. Ọkọ̀ ojú irin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pere Marquette ni ó ń ná Chicago sí Grand Rapids, Holland sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti ń dúró. Bí ó bá sì jẹ́ mọ́tò ni ènìyàn wọ̀, ìrìn náà tó 150 máìlì. Ọ̀nà náà yí ìdí adágún ká ní ìhà gúúsù, ó gba Indiana kọjá, ó sì yí padà sí àríwá. Adágún náà wà ní apá òsì arìnrìn-àjò ní gbogbo ọ̀nà yìí. Ẹni tí ó bá ti rí òkun ní Èkó yóò rò pé òkun ni òun tún rí, nítorí pé ojú kò lè rí òdì kejì rẹ̀, ìgbì sì ń bì lù ú ní etí iyanrìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tọ́ omi náà wò, yóò rí i pé kò níyọ̀ rárá.

Àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó wá láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní Yúróòpù ní ọdún 1847. Olórí wọn ni Albertus van Raalte, oníwàásù kan tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ya ara wọn kúrò nínú ìjọ tí ìjọba ilẹ̀ wọn fi ọwọ́ sí. Ìnira ìsìn ni ó lé wọn. Ìyàn sì tún kún un, nítorí pé ní àwọn ọdún wọ̀nyí àrùn pa pòtétò tí ó jẹ́ oúnjẹ àwọn tálákà. Inú igbó àti ẹrẹ̀ ni wọ́n dé sí. Wọ́n gé igi, wọ́n kọ́ ilé Ọlọ́run, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní oṣù October 1871, iná jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú náà, ní àkókò kan náà tí iná ńlá jó Chicago. Wọ́n sì tún un kọ́. Títí di òní, orúkọ àwọn ará Nẹ́dálándì ni ó pọ̀ lára àwọn ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ilé ìjọsìn. Ẹ̀rọ ọlọ kan tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí a ń pè ní De Zwaan, wà níbẹ̀. Láti Nẹ́dálándì ni wọ́n ti gbé e kọjá òkun wá ní ọdún 1964. Láti ọdún 1929 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún òdòdó tulip nígbà tí ọ̀gìnnìtìn bá ti lọ tán.

Òpópónà tí a ń pè ní Òpópónà Kẹjọ ni ọjà ìlú náà. Ibẹ̀ ni ilé ìwé títà wà, ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ àti ilé aṣọ wà, ibẹ̀ sì ni ìtàn wa yìí ti bẹ̀rẹ̀.

ÒJÒ DÍDÌ KÌ Í ṢE ÒJÒ TIWA

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ òjò dídì láti inú Ìwé Mímọ́ kí a tó mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an. A mọ̀ ọ́n fún funfun rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá gbé láàárín rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ó ní ìwà mìíràn.

Ìlú Holland wà ní ìhà ìlà-oòrùn adágún náà, èyí ni ó sì fà á tí òjò dídì fi ń pọ̀ níbẹ̀. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ líle a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn àti àríwá. Afẹ́fẹ́ náà tutù, ó sì gbẹ, gẹ́gẹ́ bí ọyẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n omi adágún ṣì ní ìwọ̀n ooru díẹ̀ tí ó kó pamọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí afẹ́fẹ́ náà ti ń kọjá lórí omi, ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra; nígbà tí ó bá sì kan ilẹ̀ ní òdì kejì, ó ń tú ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní òjò dídì. Nítorí náà, ọ̀run lè mọ́ kedere ní ibì kan tí kò jìnnà, nígbà tí àwọn ará etí adágún kò rí iwájú ara wọn.

Bí ó bá ti rọ̀ tuntun, ó rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àwọn ọmọdé sì ń fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, tí oòrùn ọ̀sán bá yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí òtútù òru bá sì tún mú un, ó di yìnyín tí ó ń dán bí dígí. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lé e láìṣọ́ra yóò ṣubú kí ó tó mọ̀. Ọ̀dọ́ yóò dìde, yóò sì gbọn aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó bá ṣubú bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ egungun ìbàdí, ọ̀pọ̀ ni kò sì rìn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà púpọ̀ ní ilẹ̀ òtútù fi ń sé ara wọn mọ́lé fún oṣù púpọ̀, tí wọn kì í rí ọ̀rẹ́, tí wọn kì í sì í lọ sí ilé ìsìn. Kíkó o pẹ̀lú kò rọrùn. Òjò dídì tí ó rin wúwo gidigidi, ọdọọdún ni a sì ń gbọ́ nípa àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn dáwọ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì kó o nínú òtútù. Síbẹ̀, ní ìlú púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin wí pé kí onílé pa ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà níwájú ilé rẹ̀ mọ́.

Iyọ̀ ni àwọn ìlú mìíràn ń lò. Iyọ̀ a máa yọ́ yìnyín, ṣùgbọ́n bí òtútù bá le jù, agbára rẹ̀ a tán. A sì máa jẹ irin mọ́tò, a máa ba kọnkéré jẹ́, a máa pa igi etí ọ̀nà, níkẹyìn yóò sì ṣàn lọ sínú odò àti adágún tí ẹja ń gbé.

ÌMỌ̀RÀN ỌDÚN 1988

Ní ọdún 1988, ìlú Holland fẹ́ tún Òpópónà Kẹjọ ṣe. Ní àkókò náà, ọjà ńlá alábòrùlé tí ó wà lẹ́yìn ìlú ni ó ń fa àwọn oníbàárà kúrò ní àárín ìlú káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òpópónà àtijọ́ sì ti di ahoro. Ọkùnrin kan tí ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìlú náà, Edgar Prince, dá ìmọ̀ràn pé níwọ̀n bí a ó ti hú ojú ọ̀nà náà, kí a tẹ́ páìpù omi gbígbóná sábẹ́ rẹ̀ kí a tó bò ó. Ó sì fi 250,000 dọ́là tirẹ̀ sílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Páìpù náà kì í ṣe irin. Rọ́bà líle ni, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kò tó íǹṣì kan ní ìbú. Wọ́n tẹ́ ẹ ní ìlà-ìlà sábẹ́ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti sábẹ́ ojú títì, gẹ́gẹ́ bí poro oko. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi kún un, títí ó fi di èyí tí ó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìlú fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Gígùn gbogbo páìpù náà ti lé ní 190 máìlì: bí a bá nà án tán, yóò ti Èkó dé Ìbàdàn, yóò padà sí Èkó, yóò sì tún ṣẹ́kù. Nǹkan bí gálọ̀nù 4,700 omi ni ó lè gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbóná omi náà tó nǹkan bí 35 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí kò tó ìgbóná ara ènìyàn. Bí ó ti wù kí ó mọ níwọ̀n tó, ó lè yọ́ òjò dídì tí ó ga ní íǹṣì kan láàárín wákàtí kan, bí òtútù tilẹ̀ le tó ìwọ̀n 6 lábẹ́ òdo, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́.

NÍBO NI OORU NÁÀ TI Ń WÁ?

Èyí ni ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀ràn náà. Gbogbo ìyá ilé tí ó ń fi igi dáná mọ̀ pé nígbà tí ọbẹ̀ bá jinná, iná kò ì tí ì kú. Ẹyin iná ṣì wà nínú ààrò. Obìnrin tí kò bìkítà yóò da omi sí i, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́gbọ́n yóò gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ka orí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe iná mànàmáná rí. Ìlú Holland ní ilé-iṣẹ́ iná tirẹ̀, kì í ṣe ti oníṣòwò kan. Láyé àtijọ́, èédú tí a wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń jó níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu tí àwọn ọkọ̀ ojú irin wa fi ń rìn nígbà kan. Iná èédú a máa sọ omi di ooru líle, ooru náà a sì máa yí ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná jáde. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbóná tí ó wà nínú èédú náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ó ń di iná mànàmáná. Ìyókù kò ní ibi tí yóò lọ. Omi adágún tàbí afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń fi tu ẹ̀rọ lára, bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná náà ṣe ń ṣòfò. Ìgbóná tí ń ṣòfò yìí ni Holland darí sínú páìpù abẹ́ òpópónà. Omi tí ó ti fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò dídì a padà sí ilé-iṣẹ́, a tún gbóná, a tún jáde. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Inú ilé èédú tí ó kún fún èéfín ni òpópónà mímọ́ ti jáde.

Ilé-iṣẹ́ èédú náà ti kúrò nílẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ tuntun tí ń lo gáàsì, tí a ń pè ní Holland Energy Park, gba ipò rẹ̀. Ó ń mú iná mànàmáná púpọ̀ sí i jáde láti inú ìwọ̀n ohun tí ó ń jó, èéfín rẹ̀ sì dín kù púpọ̀. Síbẹ̀ ooru ṣì ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí a ń darí sábẹ́ ojú ọ̀nà bí ti àtijọ́.

ILÉ TÍ KÒ NÍ ILÉ-IṢẸ́ NÍTÒSÍ

Ṣùgbọ́n kí ni onílé kan yóò ṣe, tí kò sí ooru tí ń ṣòfò nítòsí rẹ̀? Wáyà iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ ń lò. Wáyà náà a máa gbóná bí ti inú irin tí a fi ń lọ aṣọ, ṣùgbọ́n kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Wọn a tẹ́ ẹ sábẹ́ kọnkéré ẹnu ọ̀nà, tàbí sábẹ́ táìlì ilé ìwẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kọ́ etí òrùlé.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ iná bákan náà. Láti yọ́ yìnyín kílò kan di omi, láìmú omi náà gbóná rárá, ìgbóná tí a ó lò tó èyí tí yóò mú omi kílò kan kúrò ní tútù bí yìnyín dé ìwọ̀n 80, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Nítorí náà ni yíyọ́ òjò dídì ṣe ń gba agbára púpọ̀. Mítà kan lóròó àti níbùú lè gba wáàtì 400. Bí iwájú ilé bá tó mítà 50 bẹ́ẹ̀, wáàtì 20,000 ni yóò gbà, bí ẹni pé ogún obìnrin ń fi ogún irin ńlá lọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni táìlì ilé ìwẹ̀ kékeré tí ó jẹ́ mítà mẹ́rin kò gbà ju nǹkan bí wáàtì 600 lọ, èyí tí kò tó irin kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wáyà yọ́ gbogbo iwájú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó iná. Àwọn ọlọ́gbọ́n a máa tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn àti ibi tí táyà mọ́tò ń gbà nìkan.

Ti òrùlé ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tí ooru inú ilé bá ń jò gba àjà jáde, ó ń yọ́ òjò dídì tí ó wà lórí òrùlé láti ìsàlẹ̀. Omi rẹ̀ a ṣàn dé etí òrùlé, níbi tí kò sí ilé lábẹ́ rẹ̀ tí yóò mú un gbóná, a sì dì síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni yìnyín náà ń ga sí i bí ìsédò, títí omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò fi ní ọ̀nà mọ́ àfi kí ó padà sẹ́yìn, kí ó wọ abẹ́ ìbòlé, kí ó sì máa kán sórí ibùsùn. Yìnyín ṣóńṣó a sì rọ̀ ní etí òrùlé bí ọ̀kọ̀, tí ó lè já lu ẹni tí ń kọjá. Wọ́n ń fi wáyà kọ́ etí òrùlé ní wọ́gọwọ̀gọ, wọn a sì fà á wọ inú ọ̀pá tí omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀, kí omi lè rí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò sọ fún ọ pé wáyà kì í ṣe ìwòsàn àrùn náà. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá tẹ́ òkè àjà, kí a dí gbogbo ihò rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù máa fẹ́ lábẹ́ òrùlé, kí òjò dídì má bàa yọ́ ṣáájú àkókò rẹ̀.

Ilẹ̀ gbígbóná nínú ilé kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa gbé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn sórí òpó kúkúrú, wọn a sì jẹ́ kí ooru iná máa gba abẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Kòríà pẹ̀lú ní tiwọn, tí wọ́n ń pè ní ondol: èéfín ààrò ìdáná a gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá kí ó tó jáde, ilẹ̀ yàrá náà ni wọ́n sì ń jókòó lé, tí wọ́n ń sùn lé. Frank Lloyd Wright, ayàwòrán-ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà, jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ìlú Tokyo, kò sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́ ilé ìdílé Jacobs ní Madison, ní òdì kejì adágún Michigan, ní ọdún 1937, abẹ́ ilẹ̀ kọnkéré ni ó tẹ́ páìpù ìgbóná sí.

TA NI ILẸ̀ Ń GBÓNÁ FÚN?

A kò gbọdọ̀ yin ìlú kan kọjá òótọ́. Àárín ìlú Holland ni ọ̀nà rẹ̀ ń gbóná. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ òpópónà tí àwọn ènìyàn ń gbé, ṣọ́bìrì àti iyọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Opó tí ó ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú ní láti kọ́kọ́ la yìnyín tirẹ̀ kọjá kí ó tó dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ń jó gáàsì tàbí èédú kìkì nítorí àtiyọ́ òjò dídì tí oòrùn yóò yọ́ lọ́la ń ná ohun tí àwọn ọmọ wa yóò san. Ohun tí ó mú ọ̀ràn Holland yàtọ̀ ni pé ooru tí a ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìbá ṣègbé, ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilé. Òjò dídì kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ooru tí ń ṣòfò wà. Ẹni tí ó bá gba agbègbè Niger Delta kọjá lóru yóò rí iná gáàsì tí ó ń jó lójú ọ̀run láìse oúnjẹ ẹnikẹ́ni, nígbà tí àwọn ìyá ní abúlé ìtòsí ń wá igi ìdáná. Kì í ṣe páìpù ni ó jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ní Holland. Ẹ̀kọ́ náà ni pé kí a tó wá ohun tuntun kiri, kí a bi ara wa pé kí ni a ń dà nù.

Ní ìparí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ránṣẹ́ sí láti wá tọ́jú ọmọ tuntun ní Chicago tàbí ní ìlú òtútù mìíràn. Bí ilẹ̀ ilé tí ẹ bá wọ̀ bá ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ sì má ṣe kan ìṣó mọ́ ọn, nítorí wáyà tàbí páìpù wà nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì nípọn lé e láìbéèrè, kí ooru má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá ẹ̀rọ tí ń já iná fúnra rẹ̀, bí iná bá ń jò, wà lára wáyà òrùlé àti ti ilé ìwẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì jáde, ẹ wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ẹ fi ẹsẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ rìn, kí ẹ má sì ki ọwọ́ bọ àpò. Nítorí kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó ti kọ́ láti mú kí ilẹ̀ gbóná fún àgbà.